Ọwọ́ Afọwọ́wọ̀n àti Ilẹ̀ Oníràwọ̀

Oòrùn kò tíì dé ojú fèrèsé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tí Afọwọ́wọ̀n ti bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé ìkàwé tuntun. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ilẹ̀ tí òun àti ọmọ rẹ̀ tẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀. Onítáìsì ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tẹ́ táìsì sí ilé onílé. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Afọwọ́wọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ohun tí ó máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí: á kúnlẹ̀, á di ojú, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pa ilẹ̀ náà lọ, pa á bọ̀, bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn. Bí etí táìsì kan bá fi ìwọ̀n èékánná ga ju èkejì lọ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró.

"Ẹ gbé èyí kúrò," ni yóò wí, kò sì ní tíì la ojú. Òṣùwọ̀n olómi tí àwọn ẹnjiníà fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ kò bá a jiyàn rí.

Ní àárín gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ìràwọ̀. Ìràwọ̀ onígun mẹ́rìndínlógún ni, igun kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀là táìsì méjìlá, funfun, dúdú àti àwọ̀ ewé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ igba dín mẹ́jọ. Bí igun àkọ́kọ́ bá fi ìwọ̀n irun orí yà, igun kejì á yà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣìṣe náà á sì máa lé ara rẹ̀ yípo títí tí igun kẹrìndínlógún kò fi ní rí àyè wọlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, ló ya á sórí ìwé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n ṣí ilé ìkàwé náà. Afọwọ́wọ̀n sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá, pé ọwọ́ òun ni yóò tẹ́ ìràwọ̀ yẹn, láti ẹ̀là kìíní dé èyí tó kẹ́yìn.

Àmọ́ ọwọ́ náà kò gbádùn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń yún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ láàárín ìka. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ gbẹ, ó dúdú ju ara yòókù lọ, ó nípọn bí awọ bàtà, ó sì ń là. Ìléròró wẹ́wẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka, wọ́n á bẹ́, omi á jáde. Ó ń fi téèpù tí àwọn akunlé fi ń bo etí fèrèsé wé àwọn ibi tó là, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ọwọ́ oníṣẹ́ nìyẹn," ni yóò máa wí. "Ọwọ́ tó bá jọ̀lọ̀, ti ọ̀lẹ ni."

Kò lo ìbọ̀wọ́ rí, kò sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kankan lò ó. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé ni yóò ti gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fi ìṣó kàn án mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá tí ó ń kó irinṣẹ́ sí. Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, wọ́n so rọ̀ bí àdán. Òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé ìbọ̀wọ́ ń parọ́ fún ọwọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán po símẹ́ǹtì fún odindi ọdún kan láìráhùn ni wọ́n ń pè ní ọmọ ilé.

Ní àárọ̀ yẹn, ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ó pa ilẹ̀ lọ pa á bọ̀.

"Ó tẹ́," ó ní. "Ó tẹ́ bí omi inú àwo."

Ọmọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ibi kan lórí ilẹ̀ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọwọ́ kan ibí yìí wò."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án, sà."

Ó fọwọ́ kàn án. Kò mọ nǹkan kan lára. Ìgbà náà ni ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wọlé, ọ̀dọ́kùnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti ẹni gbogbo lọ. Ó gbé igi gbọọrọ tí ó fi ń wo títẹ́ ilẹ̀ lélẹ̀, ó yọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì tì í bọ abẹ́ igi náà. Káàdì náà wọlé wẹ́rẹ́.

"Bàbá, táìsì méjì ló ga níbí."

"Kò lè ga. Mo fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ẹ wo ilẹ̀."

Afọwọ́wọ̀n wo ilẹ̀. Níbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbà kọjá lórí táìsì funfun, ẹ̀jẹ̀ fa ìlà mẹ́rin, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi gègé kọ ọ́. Awọ ọwọ́ tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jẹ́ òṣùwọ̀n ti nípọn, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Káfíńtà kan tó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní, "mo gbọ́ pé irú ẹ̀ máa ń ràn." Ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí dun bàbá náà ju táìsì méjèèjì lọ.

Ní ọ̀sán, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń tẹ́ àwọn ilé ìwẹ̀ inú ọgbà náà wá jókòó tì í. Kòséwu ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí kì í sọ pé kò séwu. Àkàbà já lábẹ́ rẹ̀ rí, ó ṣì ń sọ ọ́ títí tó fi kanlẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ojú yín le bí ẹni wọ́n jí tírówẹ̀lì rẹ̀ gbé?"

"Ọwọ́ mi ni."

Kòséwu wò ó. "Ṣé èyí náà nìyí? Kò séwu! Símẹ́ǹtì ló wọ inú awọ lọ tó gan síbẹ̀. Mo bi yín o, bí símẹ́ǹtì bá gan mọ́ ojú táìsì, kí la fi ń fọ̀ ọ́?"

"Ásíìdì."

"Ṣé táìsì máa ń bàjẹ́?"

"Bí èèyàn bá fi omi là á, kì í bàjẹ́."

"Ó ti parí! Ẹ bu ìdérí kan sí korobá omi, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó mọ ọ̀nà lé símẹ́ǹtì kúrò lórí òkúta, ṣé orí awọ ni yóò ti sọnù?"

Ọ̀rọ̀ yìí jọ ọgbọ́n, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kì í ṣe onítáìsì kò ní ronú kàn án láé, àmọ́ létí onítáìsì, ó bọ́gbọ́n mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde lọ ra abẹ tí wọ́n fi ń gé táìsì, Afọwọ́wọ̀n bu ìdérí kan sí korobá, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ó ta á dé gbòǹgbò eyín. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ náà gbẹ, ó funfun bí ẹfun. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kòséwu mọ nǹkan kan o."

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, ó fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó lè parọ́ fún, wò ó títí.

"Baba ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ mu tíì yẹn ni, àbí ẹ̀ ń kí i?"

"Ó gbóná ni."

"Tíì tí mo pò láti àárọ̀? Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí n rí i."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kí lẹ wá fi ń tì í sábẹ́ tábìlì?"

Nígbà tó rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ náà wú, awọ rẹ̀ ṣí, omi sì ń sun ní gbogbo ojú rẹ̀. "Ta ló se ọwọ́ yín bí ẹran?" Afọwọ́wọ̀n rò ó fún un, láti orí korobá dé orí ọgọ́rùn-ún.

"Ásíìdì! Ásíìdì tí ẹ kì í jẹ́ kí n gbé wọ yàrá nítorí àwọn ọmọ aládùúgbò! Táìsì kì í sunkún, baba ọmọ mi. Awọ ń sunkún. Ẹ wò ó bó ṣe ń sunkún."

"N kò ráàyè ọsibítù. Ìràwọ̀ ń dúró dè mí."

"Èyí tó wà lójú ọ̀run pàápàá kò sá lọ rí. Ẹ dìde, ó yá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ lọ, ọmọ náà gbé ìwé tó máa ń kọ ìwọ̀n ilẹ̀ sí dání. Dókítà awọ ara tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó fọ ọwọ́, ó fi aṣọ rírọ̀ nu ún títí dé àárín ìka, ó sì mú agolo kékeré kan lápò, ó fi ọ̀rá inú rẹ̀ pa ọwọ́ kí ó tó jókòó. Ó wá di ọwọ́ Afọwọ́wọ̀n mú, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Dókítà, ẹ ò bẹ̀rù pé kó ràn yín?"

"Kì í ràn, Bàbá. Kì í ṣe kúrúnà, kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ṣe àfiṣe ẹnì kan. Ẹ́kísímà ọwọ́ là ń pè é. Èmi náà ní in. Ẹni tó bá ń fọ ọwọ́ níye ìgbà tí à ń fọ̀ ọ́ níbí, awọ rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Àmọ́ ásíìdì yìí, ẹ má tún dán an wò. Iná lẹ fi kún ìyún. Orí yín ló bá yín ṣe é tí kò tíì gbọyún. Ẹni tó bá rí ọyún, tàbí tí ọwọ́ ń gbóná tó sì ń dùn ún gidi, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná pẹ̀lú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú kó tó wá."

Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè irú ọṣẹ tí wọ́n ń lò. Ó wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rí: "Ìgbà wo ni ọwọ́ yìí máa ń sinmi?"

Afọwọ́wọ̀n ní kò sinmi rí. Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni. "Nígbà tí símẹ́ǹtì wọ́n gógó tí ẹ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́wàá ńkọ́? Ẹ kò họ ọwọ́ rárá. Ọjọ́ kẹta tí ẹ padà síbi iṣẹ́ ló tún bẹ̀rẹ̀."

Dókítà mi orí. "Ìyá, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiyín. Táìsì ilé ìwẹ̀, kí ló ń dá omi dúró kó má wọ abẹ́ rẹ̀?"

"Símẹ́ǹtì funfun tí a fi ń dí àárín wọn."

"Bí ìyẹn bá ṣí dànù ńkọ́?"

"Omi á wọlé. Táìsì á gbé, abẹ́ rẹ̀ á jẹrà."

"Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A ó jẹ́ kó gbẹ. A ó tún àárín rẹ̀ dí."

"Ṣé ẹ kì í da ásíìdì sí i?"

"Ká má rí i!" ni Afọwọ́wọ̀n dáhùn, ó wá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó sì dorí kodò.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ rí," ni dókítà wí. "Ẹ̀là wẹ́wẹ́ ni, ọ̀rá ara ló sì dí àárín wọn. Omi, ọṣẹ líle, símẹ́ǹtì tútù, wọ́n ń fọ ọ̀rá yẹn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti lọ tán, gbogbo nǹkan ń wọlé, awọ á máa jà. Ìyẹn lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kejì tún wà: ara ẹlòmíràn á kọ ohun kan pátápátá. Mẹ́táàlì kan wà nínú símẹ́ǹtì tí à ń pè ní krómíọ́mù, ó máa ń ṣe àwọn oníṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀. A ó fi àyẹ̀wò mọ èyí tó jẹ́ tiyín."

Ó kọ oògùn ìpara kan fún un. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ó máa fi pa á, lórí ọwọ́ nìkan, fún iye ọjọ́ tí òun bá sọ, kí ó má sì ra àpòpọ̀ tí àwọn kan ń tà lójú ọ̀nà, nítorí èyí tó le jù á sọ awọ di bébà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ó máa fi fọ ọwọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò lóòórùn. Kí ó bọ́ òrùka kí ó tó fọ̀ ọ́. Bí ó bá ti nu ún tán báyìí, fasilíìnì, ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ó bá fẹ́ sùn, kí ó fi pa á nípọn, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ òwú lé e. Ọmọ rẹ̀ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kò sì ní fọwọ́ kan símẹ́ǹtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Kò ṣeé ṣe," ni Afọwọ́wọ̀n wí. "Ẹ kọ oògùn tó lágbára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gan-an ni wọ́n ń ṣí ilé ìkàwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gé e bó bá wù yín."

Dókítà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ló ń wò. "Àbúrò, ọwọ́ òsì lẹ fi ń kọ̀wé, lẹ́tà yín sì ń wọ́ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kí ló ṣe ọ̀tún?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú apá aṣọ rẹ̀. Téèpù akunlé ló fi wé ìka mẹ́ta. Nígbà tí dókítà tú u, awọ abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti dúdú, ó sì ti là láàárín ìka, bí ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ sún àga mọ́ ọn.

"Láti ìgbà wo?" ni Afọwọ́wọ̀n bèèrè.

"Oṣù mẹ́ta, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà kò sọ tiyín fún ẹnikẹ́ni, Bàbá. Mo rò pé bí mo bá ráhùn, ẹ kò ní pè mí ní ọmọ ilé mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí àwọn bíríkìlà ń pè mí ní Afọwọ́wọ̀n Kejì, mo rí bí inú yín ṣe dùn tó."

Afọwọ́wọ̀n wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ ọwọ́ náà láti ìgbà tí kò ju ewé lọ. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń mú tírówẹ̀lì, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gé igun. Òun náà ló kọ́ ọ ní èyí.

"Dókítà," ó ní, "ẹ kọ tiwa méjèèjì sórí ìwé kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ sọ, mo gbà."

Nígbà tí ọwọ́ wọn rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lẹ nǹkan mọ́, kì í ṣe ọwọ́: ìlẹ̀mọ́ wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun kan tí ara lè kọ̀ nínú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìfi omi kàn án. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ òun dà bí àpò lẹ́tà tó ti yí ayé po. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì mìíràn.

Lára Afọwọ́wọ̀n, ojú kan wú, ó sì ń yún: ti krómíọ́mù.

"Ara yín ti kọ krómíọ́mù, Bàbá," ni dókítà wí. "Ó ṣọ̀wọ́n kí ara tó gbàgbé irú èyí. Ọwọ́ yín á san, ẹ ó ṣiṣẹ́, àmọ́ símẹ́ǹtì tútù kò gbọdọ̀ kan awọ yín mọ́, lónìí àti lọ́jọ́ iwájú."

Afọwọ́wọ̀n kò bèèrè ohun kan nípa ara rẹ̀. "Ti ọmọ mi ńkọ́?" ó ní.

"Kò sí ojú kan tó wú lẹ́yìn tirẹ̀. Àárín táìsì nìkan ló ṣí. Bó bá ṣọ́ ọ, á dí padà, ó sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Kó má kàn rò pé ó ti tán nítorí ojú rẹ̀ ti dán o; ó máa ń gba oṣù mélòó kan kí awọ tó lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Afọwọ́wọ̀n lọ bá ẹnjiníà, kò rán ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tó ṣe é, ó sọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò bu iyọ̀ sí i. Ẹnjiníà ní ó dun òun, àmọ́ bóyá kí àwọn kúkú fi táìsì funfun lásán dí àárín gbọ̀ngàn náà.

"Ẹ fún ọmọ mi ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn," ni Afọwọ́wọ̀n wí. "Ní báyìí, a ó gé e, a ó tò ó gbẹ, láìsí símẹ́ǹtì."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ mọ̀ bí ó bá tẹ́. Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí ni òun máa fi mọ̀ ọ́n?"

"N kò tíì mọ̀," ni Afọwọ́wọ̀n dáhùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. "Òun ló ń wá a."

Lóòótọ́ ló ń wá a. Ó to igba dín mẹ́jọ ẹ̀là náà sílẹ̀ lórí pátákó, ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rìn yí i ká bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó gbìyànjú okùn, kò tó iṣẹ́ náà. Ó gbìyànjú gíláàsì, ó fọ́. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, ó sì rí i pé iná fóònù òun tó ṣubú sílẹ̀ ń ta òjìji gígùn láti ara èérún òkúta tí ojú kò lè rí. Ó fò dìde.

"Bàbá! Ẹ wá dọ̀bálẹ̀!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n lélẹ̀, ẹ wo apá ibi tí iná ń bọ̀ wá."

Bàbá náà dọ̀bálẹ̀. Iná tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń yọ́ lọ lójú táìsì, etí tó bá sì ga, ìbáà ṣe ìwọ̀n bébà, á ta ìlà dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọ́n rí táìsì méjì ọjọ́ Ajé yẹn. Wọ́n tún rí ẹ̀kẹta, tí káàdì ẹnjiníà pàápàá kò rí. Afọwọ́wọ̀n wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ó ní, "mo di ojú fi wo ilẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá náà dé, ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ èyí tí omi kò lè wọ̀ lé e, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ti inú bá ti lààgùn, á bọ́ ọ, á wọ gbígbẹ. Mẹ́rin ló ń lò lójúmọ́. Bí èyí tó wà lóde bá lu, á sọ ọ́ nù. Nígbà tí símẹ́ǹtì já wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi omi tó mọ́ ṣan ọwọ́, ó fi ọ̀rá pa á, nítorí dókítà ti sọ pé símẹ́ǹtì tí ìbọ̀wọ́ há mọ́ awọ burú ju èyí tó wà níta lọ. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń ka nọ́ńbà fún un. Kò rọrùn fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ká ọwọ́ padà.

Kòséwu yọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ilẹ̀ ni, tí ọmọ yín fi múra báyìí?"

"Wá, na ọwọ́ tìrẹ kí n rí i."

Kòséwu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́. Ó tì í bọ àpò ṣòkòtò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, igun kẹrìndínlógún wọlé. Ó wọlé láìjanpata, bí dúróà tó bá àyè rẹ̀ pàdé. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tan iná sílẹ̀, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́. Kò sí òjìji kankan. Nígbà tó dìde, ó yíjú sí bàbá láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Afọwọ́wọ̀n sì nawọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Òun lẹ máa bọ̀ lọ́wọ́. Òun ló ni iṣẹ́."

Ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí i kó ga bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó ń tẹ́ ilé àwọn ọlọ́lá.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì tán. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ọmọṣẹ́ mọ́kànlá tó ti gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wọn. Mẹ́sàn-án ló wá. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn mẹ́rin ló ti là. Ọ̀kan nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó ń ṣọ́ ẹnu géètì báyìí, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ igun gé jù nínú gbogbo wọn.

"Ọ̀gá," ló wí, "mo rò pé èmi nìkan ni mi ò lágbára."

Afọwọ́wọ̀n bọ́ fìlà. "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ yín ní àṣìṣe yìí, mo sì fi ṣe ẹ̀yẹ fún yín. Kì í ṣe símẹ́ǹtì ni kí ẹ bá wí. Ẹ forí jì mí. Ní ọjọ́ Ajé, dókítà ń retí gbogbo wa. Èmi ni mo máa ṣíwájú."

Ọwọ́ Afọwọ́wọ̀n ti san báyìí, ó ti ń di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ kò ní po símẹ́ǹtì pẹ̀lú ọwọ́ lásán mọ́ láyé rẹ̀. Ohun tí oṣù mẹ́jọ ìdákẹ́jẹ́ gbà lọ nìyẹn. Ti ọmọ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, nítorí wọ́n tètè rí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju oṣù díẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, tí ò ń fọ abọ́ àwọn ẹlòmíràn, tí ò ń fọ irun, tí ò ń tún mọ́tò ṣe, tí ò ń tọ́jú aláìsàn, tàbí tí ò ń fọ aṣọ ọmọ tuntun láti òwúrọ̀: bí ọwọ́ rẹ bá ti ń yún, tí ó ń gbẹ, tí ó ń là, tí ó sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, má fi téèpù bò ó. Má fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ohun èlò fọ̀ ọ́. Fi ọ̀rá dí i, jìnnà sí ohun tó ń fọ̀ ọ́ ṣí, kí o sì lọ síbi tí wọ́n ti lè sọ ohun tó ń jẹ́ fún ọ. Bí o bá rí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ́kísímà kì í ràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ọ̀gá, rántí pé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ kò ní ráhùn, nítorí wọ́n fẹ́ kí o yìn wọ́n. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí o tó bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí o rí ọwọ́ wọn.